Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Gáàsì Tí Àwọn Òṣùpá Júpítà Ti Jáde

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nírọ̀lẹ́ ní Lágere kọ ọ́ pé: "Gáàsì tó yí Júpítà ká nígbà ìwáṣẹ̀ ki gan-an, nítorí náà gbogbo carbon monoxide inú rẹ̀ di methane." Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ "gbogbo". Kì í ṣe òpè o. Láwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ kan pàápàá rò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé gáàsì tó tẹ́ bí àwo yí pílánẹ́ẹ̀tì ńlá ká máa ń ki ju èyí tó yí oòrùn ká lọ. Níbi tí gáàsì bá sì ti ki, tí ooru kò pọ̀ jù, ó yẹ kí carbon monoxide àti hydrogen di methane àti omi. Àmọ́ "ó yẹ" kì í ṣe "ó ti ṣẹlẹ̀". Ẹ wo àpò èédú lọ́jà Òdò-Ògbè. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i látàárọ̀ dalẹ́, ó sì yẹ kí èédú àti oxygen ti para pọ̀ di gáàsì. Ẹ padà lọ lọ́la, ẹ máa bá a níbẹ̀, àfi tẹ́nì kan bá ṣáná sí i. Carbon monoxide tún wá lágídí jùyẹn lọ. Níbi tó bá tutù, ìyípadà yẹn lè gùn ju ọjọ́ ayé àwo gáàsì náà lọ. Gáàsì ọ̀hún kì í sì í dúró sójú kan: bó ṣe ń wọlé láti ara ti oòrùn ló ń ṣàn lọ sínú pílánẹ́ẹ̀tì. Torí náà, kẹ́ ẹ tó kọ "ó di", ẹ bèèrè bó ṣe pẹ́ tó níbi tó gbóná, àti bóyá ó pàdé eruku irin tó lè mú un yá.

Ẹ má sì pa òṣùpá mẹ́rin tí Galileo rí ní 1610 pọ̀ bí ọmọ ìyá kan náà. Io wúwo ju omi tó bá a dọ́gba lọ ní ìlọ́po 3.5, Callisto kò ju 1.8 lọ, torí yìnyín ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀. Io ló sún mọ́ Júpítà jù lọ, Júpítà sì gbóná bí iná nígbà ìwáṣẹ̀. (Àmọ́ ó lè jẹ́ pé ó lómi tẹ́lẹ̀, tó wá sọ ọ́ nù.)

Èyí tó kù kò gba àlàyé púpọ̀: ẹ má fi gáàsì ìràwọ̀ díwọ̀n ti pílánẹ́ẹ̀tì. Ní 2025, àwọn onímọ̀ gbé ohun tí awò awọ̀nàjíjìn Webb rí jáde nípa CT Cha b, pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó ń yí ìràwọ̀ míì ká. Acetylene àti benzene, tí wọ́n jẹ́ èròjà oní-carbon, ló bá nínú àwo gáàsì pílánẹ́ẹ̀tì náà. Nínú àwo ìràwọ̀ rẹ̀, omi ni.