Bí Mo Ṣe Fi SSD Rọ́pò Hard Disk Kọ̀ǹpútà Ilé Wa

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà nílé wa ní Ìbarà, ní ìlú Abẹ́òkúta, jẹ́ tòkunbọ̀ tó ní processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core i5 àti RAM 8 GB, síbẹ̀ bí a bá tàn án láàárọ̀, ènìyàn lè ro àmàlà láfún jẹ tán kí ó tó ṣe é lò. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n tà á, kí n fi owó lé e, kí n ra òmíràn. N kò tètè gbà, nítorí pé nígbà tí mo ṣí Task Manager, ojú ewé Windows tó ń fi bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, mo rí i pé processor rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe iṣẹ́ kankan, RAM kò sì kún, ṣùgbọ́n ìlà tó wà fún disk gun 100%, ó sì jókòó síbẹ̀. Hard disk, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, ni gbogbo ẹ̀yà yòókù ń dúró dè.

Inú hard disk tiwa ni awo kan wà tó ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan a sì máa lọ a máa bọ̀ lórí rẹ̀ láti ka ohun tí a kọ síbẹ̀. Bí awo náà bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbà ju ìdá 8 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ìyẹn kò tó nǹkan bó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan ṣoṣo là ń kà, ṣùgbọ́n nígbà tí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́ tó fọ́n káàkiri ló ń bèèrè, bí ọmọ tí a rán lọ sí Kútọ̀ láti ra ata, tó délé tán tí a tún ní kó padà lọ ra iyọ̀, tó tún délé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí àlùbọ́sà. SSD, ibi ìkófáìlìsí tí a lè fi rọ́pò hard disk, kò ní awo, kò sì ní apá kankan tó ń rìn. Ó máa ń dé ibi tí fáìlì wà láàárín nǹkan bí ìdá 1 nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá. Lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju 550 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ tú ara kọ̀ǹpútà náà wò kí n tó lọ ra ohunkóhun. SATA, ojú tí a máa ń fi wáyà so disk mọ́, nìkan ló wà lórí pátákó inú rẹ̀, kò sí ojú ihò M.2 tí a ń ki SSD tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní NVMe bọ̀ rárá, nítorí náà SSD pẹlẹbẹ oníwọ̀n íǹṣì 2.5 ni yóò bá a mu. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo yà sí ní Òkè-Ìlewó, ọmọkùnrin tó ń tajà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Bàbá, NVMe ni kí ẹ gbé lọ, òun ló yá jù.” Mo dá a lóhùn pé, “Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí màá kì í bọ̀ nínú tèmi.” Ó wá gbé ti SATA méjì jáde, 480 GB àti 512 GB. Owó 480 GB fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n 500 GB ni hard disk tí mo fẹ́ ṣe àdàkọ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, Clonezilla, ètò tí mo fẹ́ fi ṣe é, a sì máa kọ̀ bí disk tuntun bá kéré sí ti àtijọ́, àfi bí ènìyàn bá kọ́kọ́ gé àwọn ìpín tí a pín disk àtijọ́ sí kúrú. Mo san owó 512 GB.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ẹlòmíràn a kọ 2 TB sára ohun tí kò gbà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ ki SSD náà mọ́ ojú SATA kejì, tí mo sì fi H2testw, ètò ọ̀fẹ́ kan tó wá láti ọ̀dọ̀ ìwé ìròyìn c't ti Jámánì, dán an wò: yóò kọ nǹkan kún disk títí dé ẹnu, yóò sì tún kà á padà láti mọ̀ bóyá ohun tó kọ náà ló wà níbẹ̀. Ó yege. Kí ẹnikẹ́ni má sì bá ọlọ́jà jà nítorí pé Windows pe 512 GB ní 476. Ẹgbẹ̀rún kan ni àwọn tó ṣe é fi ń kà, 1,024 ni Windows fi ń kà.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa yóò ní kí n gbé Windows tuntun sórí rẹ̀, ìyẹn sì mọ́ tónítóní lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, orí kọ̀ǹpútà yìí ni ìwé gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ àti àwòrán oríṣiríṣi bátànì wà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́ tí kò rọrùn láti tún tò. Àdàkọ ló yẹ wá. Mo kó àwọn àwòrán àti ìwé náà sórí disk mìíràn lọ́tọ̀, mo fi CrystalDiskInfo wo ìlera hard disk náà, mo rí i dájú pé BitLocker, ètò Windows tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ohun orí disk, kò sí lórí rẹ̀, mo sì pa Fast Startup, nítorí pé bí ó bá wà ní títàn, Windows kì í kú tán, ó kàn ń sùn ni, ètò àdàkọ kì í sì í fẹ́ràn disk tó wà ní ipò bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo gba àkókò lé lórí jù ni yíyan disk nínú Clonezilla. Sda àti sdb ló pè wọ́n, orúkọ yìí kò sì sọ èwo ni tuntun. 500 àti 512 tún fara jọra lójú. Ẹni tó bá yan òdìkejì yóò fi òfìfo bo gbogbo ohun tó ní. Mo ní kí ọmọ mi ka nọ́ńbà tó wà lára sítíkà SSD náà sókè, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, bí èmi náà ti ń fi ìka tọ ọ́ lójú kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ. Inverter gbà á, ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ sí inverter, hard disk àtijọ́ kì bá tí bàjẹ́, torí kíkà nìkan ni à ń ka òun. SSD ni à bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó parí, mo pa ẹ̀rọ, mo yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, mo tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ kí èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán, mo sì fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Mo yọ hard disk kúrò pátápátá. Disk méjì tó jẹ́ àdàkọ ara wọn ní àmì ìdánimọ̀ kan náà, Windows a sì máa ti ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ bó bá bá méjèèjì pọ̀. Ẹnu wáyà SATA rí bíi lẹ́tà L, kò sì ṣe é kì sódì. Bí mo ti tàn án báyìí, Windows jáde kí n tó fa àga mọ́ra. Mo ṣí Command Prompt, mo tẹ “fsutil behavior query DisableDeleteNotify”, ó dáhùn pé 0, èyí tó túmọ̀ sí pé TRIM, ọ̀nà tí Windows ń gbà sọ fún SSD ibi tí fáìlì tí a ti pa rẹ́ wà, ń ṣiṣẹ́. Aáyè tó lé lórí SSD, n kò fi kún ìpín kankan.

Kò yanjú ohun gbogbo. Core i5 ìran kẹrin ni tiwa, Windows 11 sì ń béèrè Intel ìran kẹjọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ti dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ó ṣeé ṣe kí n gbé Linux sórí rẹ̀ bó bá yá.

Hard disk àtijọ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ó dára láti fi tọ́jú ẹ̀dà nǹkan sí kọ́lọ́fín, nítorí SSD tí a gbé jù sílẹ̀ láìfi iná sí i fún ìgbà pípẹ́ lè máa gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Àpótí tí a ó fi máa ki irú rẹ̀ mọ́ USB gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ní wáyà iná tirẹ̀, nítorí pé 12 V ni hard disk ńlá oníwọ̀n íǹṣì 3.5 fi ń yí awo rẹ̀, 5 V lásán sì ni ojú USB kọ̀ǹpútà wa ń gbé jáde.