Bí kọnkéré ṣe léfòó nínú adágún ẹja ní Ọ̀bà-Ilé

"Sà, ẹ ní kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ tún ní wọ́n wọ́ ọ lórí òkun. Ṣé kọnkéré máa ń léfòó ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Físíìsì ni mò ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ ibùdó gáàsì olómi tó wà nínú Òkun Adriatic, nǹkan bíi kìlómítà 15 sí etíkun Ítálì, ni mo gbé dé. Ní Algeciras, ní Sípéènì, ni wọ́n ti da kọnkéré rẹ̀: àpótí ràgàjì tó gùn tó mítà 180. Ọkọ̀ ojú omi fà á dé Ítálì ní 2008, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ níbi tí omi ti jìn tó mítà 29. Mo rí i pé ẹnu lásán kò ní yí wọn lọ́kàn padà. Mo ní ká ṣe tiwa.

Mo ní kí káfíńtà fi páńkó ṣe fọ́ọ̀mù fún mi: sẹ̀ǹtímítà 40 ní gígùn, 30 ní fífẹ̀, 25 ní gíga. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn tí a jọ̀ la pò, a ò fi òkúta sí i. Bíríkìlà àdúgbò ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí ògiri ẹ̀ nípọn, kó má baà sán." Mo gbọ́ tiẹ̀, a ṣe é ní sẹ̀ǹtímítà 4. A ń bomi rin ín fún ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà la gbé e lọ sí adágún ẹja àrọ̀ ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ọ̀bà-Ilé. Bí a ṣe gbé e lé omi báyìí, gbì, ó ti dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pariwo pé, "Tíṣà, ẹ ẹ́ pa ẹja mi o!"

Sìkéèlì tí wọ́n fi ń wọn ẹja la fi wọn ọ́n: kílò 32. Bí àpótí náà bá rì dé ẹnu, omi tó lè tì kúrò lọ́nà kò ju lítà 30 lọ, ìyẹn kílò 30. Àpótí wúwo ju omi tó tì kúrò lọ, ló ṣe rì. Ìṣirò tí mò ń fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́ rèé, èmi fúnra mi ò ṣe é kí n tó gbé ṣọ́bìrì. (Ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n ló ń mu omi nínú àpótí yẹn báyìí.)

Èkejì, sẹ̀ǹtímítà 2 ni ògiri rẹ̀, a sì tẹ́ wáyà adìyẹ sí i láàárín. Ó wọn bíi kílò 18. Igun kan ń jò díẹ̀, mo fi sìmẹ́ńtì dí i. Ó léfòó! Igbe táwọn ọmọ ké lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé kejì yọjú.

Ká wá rì í ló gba sùúrù. A kọ́kọ́ da yanrìn sí apá kan, ló bá fẹ́ dojú dé. A kó o kúrò, a ń bù ú káàkiri díẹ̀díẹ̀, nígbà tó lé díẹ̀ ní kílò 12, ó rọra jókòó sísàlẹ̀ láìfì.

Inú kọnkéré ti Ítálì yẹn ni àwọn táǹkì tí wọ́n ń kó gáàsì olómi sí wà. Irin tó ní níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe wọ́n, torí gáàsì olómi tutù dé -162°C, irin lásán á fọ́ bí àwo níbẹ̀. Ní Bonny, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ gáàsì di omi, kí ọkọ̀ tó kó o lọ. Ó máa ń sún kì ní ìlọ́po 600. Òdìkejì iṣẹ́ Bonny ni tàwọn ará Ítálì: omi òkun ni wọ́n ń dà sára páìpù kí ó lè padà di gáàsì.

"Omi òkun tútù náà ni?" Mo fi píọ́ wọ́tà dídì méjì hàn wọ́n. Ọ̀kan lórí tábìlì, ọ̀kan nínú bókẹ́ẹ̀tì omi adágún. Ti inú omi ló kọ́kọ́ yọ́. Lójú ohun tó wà ní -162, iná ni òkun jẹ́.

Ọmọ Ìlàjẹ kan wà láàárín wọn, kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀. "Sà, ṣé irú ẹ̀ lè dúró lọ́dọ̀ tiwa?"

Mo ní ẹrẹ̀ ló pọ̀ létí òkun wọn lápá Máhìn, kọnkéré fẹ́ ilẹ̀ tó le. Ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ ojú kan ni ì bá dáa níbẹ̀.

"Ká ṣe ọkọ̀ nìyẹn, sà. Bàbá mi á bá wa kàn án."