Bí a ṣe ń to odidi ọjọ́ kan àtúnfihàn eré aláwàdà àti kátúùnù lórí tẹlifíṣọ̀n

Ẹni tó jókòó ti eré aláwàdà àtijọ́ ti mọ ibi tí ẹ̀rín wà kó tó débẹ̀. Ó lè gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ òṣèré lẹ́nu. Ohun tó ń wá ni ìpín tó mọ̀, ní aago tó mọ̀, ní pípé, kí ẹnikẹ́ni má gé àwàdà náà sí méjì mọ́ ọn lójú. Ìdí nìyí tí títo ọjọ́ kan àtúnfihàn sítíkọ̀mù (eré aláwàdà onípìn-ín-pín) àti kátúùnù fi jẹ́ iṣẹ́ ìṣirò ju iṣẹ́ yíyan eré lọ. Eré tó dùn ti wà nílẹ̀. Ìṣẹ́jú ló máa ń ba ọjọ́ jẹ́.

Ọjọ́ kan jẹ́ ìṣẹ́jú 1,440. Bí a bá pín in ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àyè 48 ni. Ẹ má wá ìpín 48 kiri. Ìpín 36 tó láti aago mẹ́fà àárọ̀ dé aago méjìlá òru. 12 tó gbẹ̀yìn nínú wọn lẹ ó tún fi hàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹni tó pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́ lè bá wọn níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó ṣe é, nítorí iye ìgbà tí ẹ lè fi ìpín kọ̀ọ̀kan hàn wà nínú rẹ̀. Àdéhùn kan lè ka ìfihàn méjì láàárín wákàtí 24 sí ẹyọ kan, kí òmíràn kà á sí méjì. Ẹni tí kò mọ èyí tó fọwọ́ sí yóò lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán kó tó mọ̀. Ẹ̀tọ́ orin náà wà níbẹ̀. WKRP in Cincinnati, eré nípa ilé-iṣẹ́ rédíò tí wọ́n fi hàn láti 1978 dé 1982, kún fún orin gbajúmọ̀ olórin, nígbà tó sì yá, orin mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò púpọ̀ nínú wọn torí owó ẹ̀tọ́. Bí ẹ̀dà méjì ìpín kan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ rí i dájú pé èyí tí àdéhùn yín bò lẹ fẹ́ lò.

Orúkọ eré mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó fún ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ìpín méjì sí mẹ́rin eré kan náà tẹ̀lé ara wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo kò tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àga jókòó sí. Mẹ́fà sì ti pọ̀ jù, torí bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ ìpín sítíkọ̀mù: wàhálà bẹ̀rẹ̀, irọ́ kan wọ̀ ọ́, irọ́ náà tú. Nígbà tí yóò fi di ìkarùn-ún, òǹwòran á ti máa rí ìlànà náà lábẹ́ àwàdà.

Bí ọjọ́ náà ṣe lè lọ rèé. Aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀, kátúùnù ọmọdé. Mẹ́sàn-án sí méjìlá, àwọn eré àtijọ́ aláwọ̀ dúdú àti funfun. Méjìlá sí mẹ́ta, sítíkọ̀mù ìdílé. Mẹ́ta sí mẹ́fà, nígbà tí ọmọ ti dé láti ilé-ìwé, kátúùnù tí àgbà náà lè jókòó tì. Mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́, sítíkọ̀mù tó lágbára jù lọ lọ́wọ́ yín. Mẹ́sàn-án sí méjìlá, kátúùnù àgbàlagbà. Eré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀, ẹ fi í sáàárín méjì tó lágbára, bí ìgbà tí àgbà méjì bá mú ọmọ lọ́wọ́ sọdá títì. Ẹ má fi ṣí abala kankan.

Ibi tí àwọn tó ń to ètò ti máa ń ṣìnà jù ni kátúùnù. Wọ́n rò pé ohun tí a bá ti fọwọ́ yà, ti ọmọdé ni. The Flintstones bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì ABC ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1960, ní alẹ́, fún gbogbo ìdílé, ọ̀pọ̀ èyí tó sì dé lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé fi síwájú ọmọ rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí àwọn ìkànnì tí gbogbo ènìyàn lè wò, ohun tí kò yẹ ọmọdé kò gbọ́dọ̀ jáde ṣáájú aago mẹ́sàn-án alẹ́ tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ẹ wo àtẹ òkè yìí dáadáa, pàkúté wà nínú rẹ̀: bí ẹ bá tún ti ìrọ̀lẹ́ fi hàn bó ṣe tò, kátúùnù àgbàlagbà yóò bọ́ sí aago mẹ́ta sí mẹ́fà ìdájí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn yóò sì ré òfin kọjá. Ẹ yí i padà lóru. Kí kátúùnù àgbàlagbà gba méjìlá sí mẹ́ta, kí sítíkọ̀mù ìrọ̀lẹ́ gba mẹ́ta sí mẹ́fà.

Ìṣirò ìṣẹ́jú

Ìpín sítíkọ̀mù Amẹ́ríkà òde òní máa ń wà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 21 sí 22. Ti àwọn ọdún 1950 àti 1960 gùn tó 25 tàbí 26, nítorí ìpolówó ọjà kò tíì pọ̀ tó báyìí. Ti BBC, tí kì í dá eré dúró fún ìpolówó, súnmọ́ 29 tàbí 30. Kátúùnù ọmọdé sábà máa ń jẹ́ ìtàn méjì, ìṣẹ́jú 11 ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpín kan tó jẹ́ 22:10 (ìṣẹ́jú 22 àti ìṣẹ́jú àáyá 10). Ìran ìbẹ̀rẹ̀ 1:20, orin ìṣíde 0:40, ìdajì àkọ́kọ́ 9:30, ìdajì kejì 9:50, ìran ìdágbére 0:50. Ẹ fi ìpolówó 2:20 sẹ́yìn orin ìṣíde, 2:40 sáàárín ìdajì méjèèjì, 2:00 ṣáájú ìran ìdágbére. Ó di 29:10. Ìkéde ètò tó ń bọ̀ yóò gba 0:50 tó kù, ìpín kejì yóò sì bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ààbọ̀ wákàtí.

Ìpín àtijọ́ tó jẹ́ 25:30 fi 4:30 péré sílẹ̀. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ dín ìpolówó kù. Ti ìṣẹ́jú 29 kò wọ inú ọgbọ̀n bí ìpolówó bá wà, ẹ má sì gé e. Ẹ fún un ní àyè ìṣẹ́jú 40: mẹ́ta wọn gba wákàtí méjì gééré, aago á sì padà bọ́ sípò. Àwọn kan a máa fi ẹ̀rọ sáré eré díẹ̀ kí ìpolówó lè pọ̀ sí i. Ẹ má ṣe é. Dídákẹ́ tí òṣèré dákẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ni ìdajì àwàdà, òun gan-an ni sísáré ń jẹ.

Ẹ má gba gígùn tí wọ́n kọ sínú ìwé gbọ́. Eré tí a yà lórí fíìmù ní férémù (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan) 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì gbé sórí ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń fi férémù 25 hàn, máa ń fi 4% yára sí i: 22:00 á di 21:07, ohùn á sì ga díẹ̀ bí wọn kò bá tún un ṣe. Ẹ wọn fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín fúnra rẹ̀.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ

Kátúùnù The Simpsons fi ohun tó lè ṣẹlẹ̀ hàn wá. Ìpín tó kọ́kọ́ jáde, ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá 1989, ìpín Kérésìmesì ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ gan-an, yíyà rẹ̀ kò dára tó nígbà tó dé, wọ́n ní láti tún un ṣe, òun ló sì wá kẹ́yìn sáà àkọ́kọ́ ní oṣù karùn-ún 1990. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìpín kìíní ní oṣù kẹfà láìwò, igi Kérésìmesì lẹ ó fi kí àwọn ènìyàn. Ẹ ya ìpín ọdún àti àjọ̀dún sọ́tọ̀ kí ẹ tó to ìyókù. Ẹ tẹ̀lé bí wọ́n ṣe jáde lórí afẹ́fẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ eré ṣe mọ̀ wọ́n, àfi níbi tí ìtàn ti forí gbárí. Ìpín tó ní apá kìíní àti ìkejì kò gbọ́dọ̀ yà. Èyí tí wọ́n fi ìran àtijọ́ lẹ̀ mọ́ra, ẹ fi í sí ọ̀sán tàbí kí ẹ fò ó.

Àwòrán àti ohùn

Eré tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ jẹ́ 4:3, ìyẹn ìbú mẹ́rin sí gíga mẹ́ta. Ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní jẹ́ 16:9. Ẹ jẹ́ kí òkùnkùn wà lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ẹ bá fẹ àwòrán náà kó lè kún, ìdámẹ́rin gíga rẹ̀ ni yóò sọnù, orí àti ẹsẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí Disney+, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbé The Simpsons jáde ní oṣù kọkànlá 2019. Nínú ìran ilé ìpọntí, àgbá mẹ́ta dúró síra, tí orúkọ ọtí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lára wọn, páìpù kan ṣoṣo ló sì ń da ọtí sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti òkè. Páìpù yẹn ni àwàdà. Wọ́n gé òkè àwòrán, páìpù lọ, àgbá mẹ́ta lásán ló kù. Oṣù karùn-ún 2020 ni wọ́n tó fi àyè 4:3 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́.

Ẹ wo fáìlì kátúùnù fún iná tó ń ṣẹ́jú kíákíá pẹ̀lú. Ìpín Pokémon kan ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 1997 gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ Japan lọ sílé ìwòsàn. Iná tó bá ṣẹ́jú ju ìgbà mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò wò ó kí ẹ tó jẹ́ kó jáde.

Ti ohùn, ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo ọjọ́ ni: −23 LUFS (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè létí) ní ilẹ̀ Yúróòpù, −24 ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rín inú eré àtijọ́ lè ga ju ọ̀rọ̀ lọ, ìyẹn á sì tan ẹ̀rọ ìwọ̀n jẹ: nọ́ńbà á pé, ọ̀rọ̀ á wà nísàlẹ̀. Etí ni kí ẹ fi parí rẹ̀.

Ibi tí a ti ń dá eré dúró

Ẹ wá ibi tí àwòrán ti ṣú pátápátá; àwọn tó ṣe eré ló fi àyè yẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín rọlẹ̀ tán, kí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá, kí ìpolówó tó wọlé. Ẹ má sún orúkọ àwọn òṣèré ìparí sí igun kan láìwò ó, torí ọ̀pọ̀ eré fi àwàdà ìkẹyìn sábẹ́ rẹ̀.

Fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, gbogbo ibi ìdádúró, àti ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Orúkọ fáìlì lè pé kó jẹ́ ìpín mìíràn ló wà nínú rẹ̀, ohùn sì lè wá ní èdè tí ẹ kò rò.

Bí ìkànnì yín bá wà lórí ètò férémù 29.97 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ lo timecode (nọ́ńbà aago tó wà lára férémù kọ̀ọ̀kan) irú èyí tó ń fo àwọn nọ́ńbà kan, drop-frame, kó lè bá aago gidi mu. Èyí tí kì í fo nọ́ńbà á máa fi ìṣẹ́jú àáyá 3.6 ṣáko ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti di 86.

Ẹ tọ́jú ìtàn kátúùnù ìṣẹ́jú 11 mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ti yẹ̀ wò tán, tó sì yẹ aago èyíkéyìí, pẹ̀lú ìkéde 0:15 àti 0:30 bíi mẹ́wàá. Bí fáìlì kan bá kọ̀ láti ṣí ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méjì, méjì nínú ìtàn náà di àyè ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú ìpolówó tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀ á sì bá ìpín tó yẹ lójú ọ̀nà.