Bí mo ṣe fi òróró sóyà ṣe résíìnì fún íńkì tí ìmọ́lẹ̀ ń mú gbẹ

Íńkì tí ìmọ́lẹ̀ UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, irú èyí tí ó wà nínú oòrùn) ń mú gbẹ kì í dúró de ìgbà tí omi yóò fà kúrò nínú rẹ̀. Résíìnì inú rẹ̀ ni ó máa ń so mọ́ra wọn tí yóò sì le lójú ẹsẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú résíìnì bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí mo sì dáwọ́ lé ni láti fi òróró sóyà rọ́pò rẹ̀ nínú íńkì ọ́fúsẹ́ẹ̀tì, ìyẹn íńkì tí àwo ìtẹ̀wé ń gbé sórí rọ́bà kí ó tó dé orí bébà.

Mo kọ́kọ́ fi hydrogen peroxide àti formic acid sọ àwọn ìdè alápá méjì inú òróró náà di epoxide, ìyẹn òrùka kékeré tí ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, tí èròjà mìíràn lè so mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kán peroxide sí i, nítorí pé ooru tí ó ń jáde lè di èyí tí apá kò ká mọ́. Lẹ́yìn tí mo fọ ásíìdì kúrò, mo da acrylic acid, tí ó ń fún òróró náà ní apá tí ìmọ́lẹ̀ lè so pọ̀, àti triphenylphosphine, tí ó ń mú iṣẹ́ náà yá, sí i, mo sì gbé e sórí ooru tí ó súnmọ́ 100°C. Ibí yìí ni ó gba ìṣọ́ra jù: MEHQ, èròjà tí kì í jẹ́ kí résíìnì le sínú ìkòkò ṣáájú àkókò, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ọ́síjìn, nítorí náà afẹ́fẹ́ lásán ni mo ń fẹ́ gba inú rẹ̀, kì í ṣe nitrogen tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísítírì sábà máa ń sáré mú. Mo ń bù ú wò láti wọn ásíìdì tí ó ṣẹ́kù, nígbà tí iye náà kò sì wálẹ̀ mọ́ ni mo pa iná.

Résíìnì náà ki ju oyin lọ. Kò lè gba ihò wẹ́wẹ́ inú ẹ̀rọ inkjet kọjá, ṣùgbọ́n ó bá ọ́fúsẹ́ẹ̀tì mu. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ojú íńkì náà ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka lẹ́yìn tí iná LED 395 nm ti tàn sí i, nítorí pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń dí ìsopọ̀ náà lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọ̀rá gígùn inú òróró náà sì ń mú kí ó rọ̀. Mo fi acrylate ti isosorbide, tí wọ́n ń ti ara glúkóòsì ṣe, mú un le, mo sì fi amine acrylate díẹ̀ kojú ọ́síjìn. BAPO, èròjà tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó sì ń bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ náà, ni mo lò, bí ó tilẹ̀ ń mú kí íńkì ní àwọ̀ yẹ́lò díẹ̀, nítorí pé Yúróòpù ti ka TPO, irú èròjà bẹ́ẹ̀ mìíràn, mọ́ àwọn èròjà tí ó lè ṣàkóbá fún ìbímọ. Nígbà tí mo fi aṣọ tí a rẹ sínú MEK, omi kẹ́míkà tí ó ń yọ́ íńkì tí kò tíì gbẹ dáadáa, nu ún, kò ṣí mọ́.

N kò pe résíìnì yìí ní ti ohun ọ̀gbìn pátápátá, nítorí pé epo rọ̀bì ni acrylic acid tí mo rà ti wá. Ìdá kábọ́nù tí àyẹ̀wò carbon-14 bá fi hàn pé ó wá láti ara ohun ọ̀gbìn ni mo ń kọ sára ìgò.