Ẹni Tó Kẹ́yìn Ló Gbégbá Orókè: Bí A Ṣe Ṣe É Ní Kubwa

Èmi ni wọ́n ní kí n wá eré tí àwọn ọmọ máa ṣe níbi àríyá ìparí ọdún àwa ọmọ Yorùbá àdúgbò wa ní Kubwa. Eré ẹyin orí ṣíbí ti sú mi. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ìyẹn èyí tó ní táyà kan ṣoṣo, ni mo mú, torí àwọn ọmọ mélòó kan ti mọ̀ ọ́n gùn látìgbà tí àbúrò mi ti kó méjì bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Kì í ṣe eré àsápajúdé o. Ẹni tó bá pẹ́ jù lójú ọ̀nà ló jáwé olúborí.

Mi ò dá òfin sílẹ̀ fúnra mi. Àjọ tó ń rí sí eré kẹ̀kẹ́ yìí lágbàáyé, International Unicycling Federation, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982, ti ṣe é sílẹ̀. Ọ̀nà náà gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 péré. Ti àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 10 lọ fẹ̀ ní 30. O ò gbọdọ̀ dúró, o ò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn, o ò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀, táyà ò sì gbọdọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju dígíríì 45 lọ.

Ẹnì kan ní ká kàn fi ẹfun fa ìlà. Mo kọ̀. Bí táyà bá tẹ ìlà ẹfun, àríyànjiyàn dé nìyẹn, pàápàá bí ìyá ọmọ bá wà nítòsí. Pákó ni mo fẹ́ kí wọ́n gùn ún lé, torí bí táyà bá já bọ́ lórí ẹ̀, gbogbo èèyàn ló máa gbọ́ ọ. Mo bá gba ọjà Dei-Dei lọ. Pákó 2x6 (tó nípọn ní íǹṣì 2, tó fẹ̀ ní íǹṣì 6) tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, mẹ́ta rẹ̀ ju mítà 10 lọ dáadáa, íǹṣì 6 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 gẹ́lẹ́. Lẹ́nu nìyẹn o. Ẹ mú tépù ìwọ̀n dání, torí èyí tí wọ́n ń pè ní 6 lè má ju 5 àti díẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n lójú ọlọ́jà, ẹ̀rín ló rín: "Oga, haka yake." Ìyẹn ni pé, bó ṣe rí nìyẹn. Mo ṣa èyí tó pé, mo sì ra ìlọ́po méjì kí n lè tò wọ́n ní méjì-méjì fún àwọn kékeré.

Kẹ̀kẹ́ yìí kò ní ṣéènì. Àárín táyà gan-an ni pẹ́dà wà, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ ni bíréèkì. Bí táyà oníǹṣì 20 bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ nǹkan bíi mítà 1.6, ìyẹn ni pé kò ní yí tó ìgbà méje kó tó dé òpin. Ẹ̀ẹ̀mejì nínú yíyí kọ̀ọ̀kan ni pẹ́dà kan máa wà lókè tán, tí èkejì á wà nísàlẹ̀ tán. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ kò lágbára kankan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já bọ́. Mo ní kí wọ́n máa fa ìrìn gùn nígbà tí pẹ́dà méjèèjì bá dọ́gba, kí wọ́n sì yára díẹ̀ gba ibi burúkú yẹn kọjá. Mo tún dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó má baà máa yí lọ fúnra rẹ̀. Díẹ̀ ni o. Tó bá rọ̀ jù, kẹ̀kẹ́ ò ní ṣeé darí.

Iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ adájọ́. Mo lẹ téèpù funfun mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà, mo wá bẹ àǹtí kan tó jẹ́ tíṣà pé kó jókòó sórí àpótí, kí ojú ẹ̀ má kúrò lára téèpù yẹn. Kò gbọdọ̀ wo ọmọ rárá. Ọmọ lè máa ju apá, kó máa yí ìbàdí, kó o rò pé ó ń lọ, táyà ti dúró. Ẹlòmíì á rọra jókòó jẹ́ẹ́, táyà á sì máa rìn lábẹ́ ẹ̀. Èmi ń fi fóònù ka àkókò.

Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku láàárọ̀ ọjọ́ náà, la bá gbé pákó sẹ́bàá ògiri. Bàbá alága wò wá títí. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹni tó kẹ́yìn lẹ fẹ́ fún lẹ́bùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ ṣáà máa wò ó sà."

Ọ̀pọ̀ kò dé ìdajì. Ọmọkùnrin tó mọ̀ ọ́n gùn jù ládùúgbò kò tiẹ̀ pẹ́ kó tó já, torí eré ló mọ̀, kò mọ ìfarabalẹ̀. Ọmọbìnrin Ìyá Ìbejì ló gbà á, ó lo ìṣẹ́jú àáyá 40, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé òpin, Bàbá alága ti lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, ó ń pariwo "Kò dúró! Mo rí i, kò dúró!" kí tíṣà tó sọ̀rọ̀.

Àwọn tí kò mọ ẹlẹ́sẹ̀ kan gùn fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe tiwọn lórí pákó méjì-méjì. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti jáde. Ìyẹn náà dùn, kò sì ná wa ní nǹkan kan.

Pákó wà lẹ́yìn ilé mi. Ẹni tó bá fẹ́ yá a ní Kubwa, Dutse tàbí Bwari lè wá gbé e, ṣùgbọ́n kó wá adájọ́ tirẹ̀ o.