Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí omi ẹja cichlid: ẹ yéé lé pH kiri

Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin ẹja ní Èkó tí wọ́n ń da owó sínú ìgò kẹ́míkà. Cichlid, ẹja ọ̀ṣọ́ láti adágún Malawi, ni wọ́n rà, ẹnìkan sì ti sọ fún wọn pé pH adágún náà (òṣùwọ̀n àsíìdì inú omi: bó bá ṣe ń lọ sókè ni àsíìdì ń dínkù) máa ń kọjá 8. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀.

1. Wíwọn omi bó ṣe ń jáde nínú bóhòólù. Gáàsì carbon dioxide tó wà nínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílẹ̀ máa ń fa pH wálẹ̀. Ẹ bù ú sínú báàkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

2. Píọ̀ wọ́tà. Ẹ máa mu ún, ẹ má dà á sí táǹkì.

3. Álọ́ọ̀mù. Ó ń mú omi mọ́ lójú, ó sì ń jẹ KH, ìyẹn agbára tí omi fi ń kojú àsíìdì, tán.

4. Lílé pH láìmọ KH. Èyí ló ń bí mi nínú jù. KH yìí ló ń dá pH dúró. Bí fíltà ṣe ń sọ ìdọ̀tí ẹja di nǹkan mìíràn ni àsíìdì ń jáde lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ omi bóhòólù ní Èkó ni KH rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àbúrò kan ní Ìkòròdú pè mí wá wo táǹkì rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń da oògùn tó ń gbé pH sókè sí i. Mo bu omi sínú ìgò kékeré, mo kán oògùn ìdánwò sí i, ó di yẹ́lò: pH 6. Ó da oògùn tirẹ̀ sí i lójú mi, a tún un wọ̀n, ó di búlúù. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó pè mí pé ó ti padà di yẹ́lò. Àwọn ẹja náà kóra jọ sókè omi, wọ́n pa lẹbẹ mọ́ra, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìlọsókè-sọ̀kalẹ̀ yẹn ló ń dá wọn lóró! Owó tó ti ná sórí oògùn náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra táǹkì mìíràn.

Ìkarahun ọ̀sítà tí àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ ń tà ni mo ní kó rà. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ dì í sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi síbi tí omi fíltà ti ń kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́, tó sì ń fi KH kún omi. Bí ẹ bá fẹ́ kó yá, ṣíbí tíì kan bàkín sódà, tó dọ́gba létí, nínú omi lítà 50 ń fi nǹkan bíi dígírì 3 kún KH. KH bíi 6 sí 8 ti tó fún ẹja Malawi. Inú báàkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti pò ó, ẹ má dà á lé ẹja lórí.

Kaun ńkọ́? Rárá o. Ó le ju bàkín sódà lọ, ìdọ̀tí sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ cichlid tó wà lọ́jà, inú táǹkì ni wọ́n bí wọn sí. Bí KH yín bá dára, tí pH sì dúró sí 7.8 láìyẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti ẹja Tanganyika ló yàtọ̀, torí pH adágún tiwọn súnmọ́ 9.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùrù yín, tó ń fún omi ní KH, gan-an ni àwa ń fi owó wá níbí. Ẹ pa kílórínì inú omi ẹ̀rọ yín, ó ti parí. Omi Manchester ni kò ní in tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì gbé pH sókè nínú táǹkì tó dọ̀tí. Bí pH bá kúrò ní 7 dé 8, oró amóníà tó ń ti inú ìdọ̀tí ẹja wá á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó fọwọ́ kan bàkín sódà.