Ìbéèrè tí mínísítà fi ń rí ibi sá gbà: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú kíkọ ìbéèrè sí ìjọba ní Westminster

Ìlà kan péré ni ìdáhùn náà: "Gbogbo ìgbà ni ìjọba ń yẹ àwọn ìlànà rẹ̀ wò." Ó tán. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ìbéèrè tó bí i, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì aṣòfin kan ní London, mo sì ti rò pé mínísítà máa làágùn. Ẹ̀gbọ́n kan wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Mo gbé e fún wọn kí wọ́n kà á. Wọn ò tiẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣebí ohun tó o bi wọ́n ni wọ́n dáhùn."

Àwọn ló kọ́ mi ní púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ síbí. Mo ń kọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa tó ń bá aṣòfin ṣiṣẹ́, àti fún àwọn ẹgbẹ́ ará ilé ní Peckham, ní Manchester, ní ibi gbogbo, tí wọ́n máa ń kọ ìbéèrè fúnra wọn tọ aṣòfin wọn lọ pé kó bá àwọn gbé e síwájú ìjọba.

Fún ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń lọ ní Westminster, ìyẹn ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì: yàtọ̀ sí ìbéèrè ẹnu tí tẹlifíṣọ̀n máa ń gbé, tí wọ́n ti ń pariwo mọ́ra wọn, aṣòfin lè kọ ìbéèrè sí mínísítà lórí ohun tó bá jẹ́ iṣẹ́ iléeṣẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì kan tó ń jẹ́ Table Office máa wò ó bóyá ó bá òfin ilé mu, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, ó di ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń kọ ìdáhùn, mínísítà á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì gbé e sórí ìkànnì ilé aṣòfin níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Bó bá di ọ̀la, ìjọba ò lè ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan bi mí níbi ìpàdé kan pé kí ló dé tí wọn ò kúkú ránṣẹ́ pe mínísítà kó wá jókòó bí wọ́n ti ń ṣe l'Ábújá. Mo ṣàlàyé fún wọn pé lábẹ́ ìwé òfin 1999, mínísítà Nàìjíríà kì í ṣe ọmọ ilé aṣòfin, abala 88 àti 89 ni ilé fi ń pè é wá síbi ìwádìí. Ní Westminster, inú ilé ni mínísítà ti ń wá. Àwọn ìgbìmọ̀ ibẹ̀ náà máa ń pe mínísítà, àmọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ìwé ìbéèrè ò ní kí ìgbìmọ̀ kankan jókòó. Bàbá ní kò dùn ún wò. Òótọ́ ni, kò dùn ún wò.

Ẹ má bèèrè ohun tí wọ́n ń rò

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyí, òun náà sì ni mo ṣe. "Ǹjẹ́ mínísítà máa ronú láti…" "Kí ni mínísítà ń ṣe kí nǹkan lè dára sí i?" Ẹni tó bá bèèrè báyìí ti bá wọn kọ ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ tó kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọmọ wa kan ti Nàìjíríà wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Iléeṣẹ́ tó gbà á wá pàdánù ìwé àṣẹ tó fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun. Lẹ́tà máa dé pé ọjọ́ 60 ló ní láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹgbẹ́ á wá gbé ìbéèrè tọ̀ wá wá: "Ǹjẹ́ mínísítà máa fojú àánú wo àwọn òṣìṣẹ́ yìí?" Àánú kẹ̀! Ẹni tó máa dáhùn á kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú fún iṣẹ́ ribiribi wọn, á sì ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ gbìyànjú báyìí ná:

"Ìwé àṣẹ mélòó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ìtọ́jú láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2025?"

"Òṣìṣẹ́ mélòó ló wà lábẹ́ àwọn ìwé àṣẹ náà lọ́jọ́ tí wọ́n gba àwọn ìwé náà lọ́wọ́ iléeṣẹ́?"

"Ọjọ́ mélòó, ní ìpíndọ́gba, ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ àti ọjọ́ tí lẹ́tà jáde sí òṣìṣẹ́?"

Mẹ́ta ni, mi ò dì wọ́n mọ́ra, kí ọ̀kan má baà kó bá èjì yòókù. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ fi "à ń yẹ̀ ẹ́ wò" dáhùn rẹ̀. Wọ́n á dárúkọ iye ọjọ́, tàbí kí wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ò kà á. Tí wọn ò bá kà á, èrè ni fún yín: iléeṣẹ́ tó ń ka ọjọ́ 60 mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí kò ka ọjọ́ tiẹ̀.

Ẹ má da àwọ̀n bo gbogbo òkun

"Láti 2010 títí di òní, ní ìlú kọ̀ọ̀kan, lọ́kùnrin lóbìnrin, fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan…" Mo mọ ìdí tí èèyàn fi ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀; ẹ̀rù ń bà á pé nǹkan kan á bọ́. Gbogbo rẹ̀ ló máa bọ́. Iléeṣẹ́ ìjọba láǹfààní láti kọ̀ tí owó tí wọ́n máa fi wá ìdáhùn bá ju £850 lọ. Tí ẹ bá fi ìṣirò òfin òmìnira ìròyìn wọn (Freedom of Information) wò ó, èyí tó ka wákàtí kan sí £25, £850 yìí kò ju iṣẹ́ wákàtí 34 lọ, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ kan fún òṣìṣẹ́ kan. (Òfin òmìnira ìròyìn fúnra rẹ̀ há jù bẹ́ẹ̀: £600 fún iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wákàtí 24.) Ìbéèrè tó bá nílò pé kí ènìyàn máa ṣí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti kú.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa máa ń ṣe ni pé wọn kì í kọ́kọ́ bèèrè iye. Wọ́n á kọ́kọ́ bi wọ́n pé: "Kí ni àwọn ohun tí iléeṣẹ́ yín máa ń kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnìkan?" Ìbéèrè tó jọ ti ọ̀lẹ ni. Àmọ́ tí ìdáhùn bá fi lè dé pé àwọn máa ń kọ ọjọ́, àgbègbè àti ìdí rẹ̀, ó tó. Ìbéèrè tó kàn á wá lo ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn gan-an, bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Èèyàn kì í dúró níwájú ìsọ̀ kó máa ná ọjà tí kò rí.

Ìdáhùn mìíràn tó máa ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ ni "a ò kó o pamọ́ sí ojú kan." Ẹ má kà á sí "kò sí." Ó wà níbì kan, nínú fáìlì àwọn ọ́fíìsì kéékèèké. Ẹ dín in kù sí oṣù kan, àgbègbè kan, kí ẹ tún un bèèrè.

Ọ̀rọ̀ tí kò ní ibi ìdúró

"Láìpẹ́ yìí." "Ọ̀pọ̀ ènìyàn." "Àwọn ará Áfíríkà." Bí agbẹjọ́rò ni òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń ka ìbéèrè. Kò ní parọ́ fún yín. Á kàn wo ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti rọ̀, á sì gba ibẹ̀ jáde.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà ogun Falklands, lọ́jọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1982, ọkọ̀ abẹ́ omi Gẹ̀ẹ́sì rì ọkọ̀ ogun Argentina tó ń jẹ́ General Belgrano, èèyàn 323 ló bá a lọ. Aṣòfin kan, Tam Dalyell, kò yéé bèèrè. Kì í bèèrè bóyá inú ìjọba dùn. Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà? Ibo ló dojú kọ? Clive Ponting, òṣìṣẹ́ àgbà ní iléeṣẹ́ ètò ààbò, wà lára àwọn tó ń ṣètò ìdáhùn. Nígbà tó rí i pé wọn ò fẹ́ sọ òdodo ọ̀rọ̀ fún ilé, ó kó ìwé ránṣẹ́ sí Dalyell ní 1984. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lábẹ́ òfin àṣírí ìjọba, àwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1985. Ìbéèrè nípa ọjọ́ àti ibi tí ọkọ̀ dojú kọ ló bí gbogbo ìyẹn.

Ti Iraq yàtọ̀ díẹ̀. Ní ìparí 1988, àwọn mínísítà kan rọra dẹ okùn ìlànà tó ń dí títa nǹkan ogun fún Iraq lọ́wọ́. Àwọn aṣòfin ń bèèrè bóyá ìlànà ti yí padà. Ìdáhùn ń wá pé rárá. Àlàyé tí wọ́n ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ ni pé ìlànà ò yí, bí àwọn ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ nìkan ló yí. Ìjábọ̀ adájọ́ Richard Scott, tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, jáde ní oṣù Kejì ọdún 1996, kò sì gbà fún wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ilé ṣe ìpinnu pé mínísítà tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ilé lọ́nà, ohun tí a retí ni pé kó kọ̀wé ìfipòsílẹ̀ fún olórí ìjọba. Ó dáa. Àmọ́ tèmi ni pé, ká ní ẹnìkan bèèrè pé "Ọjà wo ni ẹ fọwọ́ sí pé kó lọ lóṣù yìí tí ẹ ò bá ti fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá?", "ìtumọ̀" ò bá má ríbi sá sí.

Àwọn tó kéré, ṣùgbọ́n tó ń ba iṣẹ́ jẹ́

Ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Iléewé àti ilé ìwòsàn ní Scotland, ìjọba Scotland ló ni wọ́n. Kòtò ojú pópó, ọ̀rọ̀ káńsù ni. Mínísítà á sọ bẹ́ẹ̀ ní ìlà kan. Tí ẹ bá sì darí ìbéèrè sí iléeṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ìjọba lè gbé e fún iléeṣẹ́ mìíràn, ọwọ́ aṣòfin ò sì sí níbẹ̀.

Ìwàásù. Ìbéèrè kì í ṣe ibi tí a ti ń jà. Bí ẹ bá kọ "nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé ìjọba ti kùnà," Table Office á dá a padà. Tí ẹ bá sì gbé nǹkan kalẹ̀ bí òótọ́, kí ẹ ní ìwé tí ẹ máa fi hàn wọ́n.

Ìbéèrè tí a dá ọjọ́ fún. Aṣòfin lè mú ọjọ́ tó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn, ìbéèrè 5 lóòjọ́ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń lò ó fún gbogbo nǹkan, torí ó jọ agbára. Tí ọ̀rọ̀ bá wá díjú, ìwé tí wọ́n máa rí gbà lọ́jọ́ náà ni pé "a máa dáhùn láìpẹ́." Ìbéèrè lásán tí a ò dá ọjọ́ fún, bí ọ̀sẹ̀ kan ni àṣà ilé fún un, ó sì máa ń mú ìdáhùn tó lẹ́ran lára wá. Ẹ sì máa wo kàlẹ́ńdà: tí sáà ilé bá parí, ìbéèrè tí wọn ò tíì dáhùn kú síbẹ̀ ni.

Orúkọ. Èyí ni mo máa ń bá àwọn ará ilé jiyàn lé lórí jù. Màmá kan fẹ́ kí a kọ orúkọ ọmọ wọn àti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ sínú ìbéèrè, kí ìjọba lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àròsọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lọ, kò sì ní kúrò níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ ẹnìkan, lẹ́tà ni aṣòfin fi ń kọ ọ́ sí mínísítà. Ìbéèrè wà fún ohun tó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Owó. Ní 1994, ìwé ìròyìn The Guardian gbé e jáde pé àwọn aṣòfin kan gba owó láti fi bèèrè ìbéèrè, £2,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ara rògbòdìyàn ọdún yẹn ni ìgbìmọ̀ Nolan, tó ń rí sí ìwà àwọn tó di ipò ìjọba mú, ti jáde. Títí dòní, aṣòfin tó bá ní ohun tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nígbà tó bá ń fi ìbéèrè sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ti fún aṣòfin ní ohunkóhun, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ìbéèrè yín wá.

Ìdáhùn dé, wọ́n sùn

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ń gba ìdáhùn, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bèèrè, tí wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Kí ẹ kà á pẹ̀lú ìbéèrè níwájú yín. Ṣé ohun tí a bèèrè ni wọ́n dáhùn, àbí ohun tó fara pẹ́ ẹ? Bí wọ́n bá tọ́ka sí ìdáhùn àtijọ́, ẹ lọ wá ìdáhùn àtijọ́ náà. Mo ti rí èyí tó tún tọ́ka sí òmíràn. Ẹ lè kọ ìbéèrè mìíràn tó dúró lórí nọ́ńbà ìdáhùn yẹn. Tí iléeṣẹ́ bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ tàbí tí kò dáhùn dáadáa, ìgbìmọ̀ ilé tó ń rí sí ìlànà, ìyẹn Procedure Committee, ń gba ẹ̀sùn. Ẹ má lọ bá Olórí Ilé, ìyẹn Speaker: kì í ṣèdájọ́ lórí bóyá ìdáhùn mínísítà dára.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ mi tí mo sọ lókè yẹn, ẹ̀gbọ́n ní kí n fọ́ ọ sí mẹ́ta kí n tún un fi ránṣẹ́. Ọ̀kan bọ́ sí ọ̀rọ̀ owó, wọ́n kọ̀ ọ́. Ọ̀kan wá pẹ̀lú ìlà méjì tí kò nítumọ̀. Ẹ̀kẹta gbé àtẹ nọ́ńbà kan wá, ìlà mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n mú bírò pupa, wọ́n fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà kan tí èmi ò tiẹ̀ kíyè sí, èyí tó lọ sókè ní ìlọ́po méjì láàárín oṣù mẹ́ta.

"Ó yá," wọ́n ní, "kọ ẹ̀kẹrin."